Ẹni Tó Ra Ànàgó

Bí ẹ bá dé Fante New Town ní Kumasi, tí ẹ béèrè Isaac Ọlágúnjú, wọ́n lè máa wò yín lójú lásán. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè Papa Masin, ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá lójú títì pàápàá yóò nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún yín. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe. Kumasi ni wọ́n bí i sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ń lọ, Twi sì já geere lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ ọ́ di aláriwo ni kí ẹnìkan fi òróró ìsebẹ̀ sínú maṣíìnì. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sá fún un.

Òun àti Ayọ̀kànmí, ìyàwó rẹ̀, ti gbé pọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Wọn kò bímọ. Mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí torí pé bí àwọn náà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n ti gbààwẹ̀, wọ́n ti lọ sí ọsibítù, wọ́n ti sunkún, wọ́n sì ti dákẹ́. Ìyàwó ilé Yorùbá kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, orúkọ ọmọ ló fi ń pè é. Nígbà tí kò wá sí ọmọ tí Ayọ̀kànmí yóò fi pe ọkọ tirẹ̀, Papa Masin náà lòun ń pè é bíi gbogbo ará àdúgbò.

Síbẹ̀, Isaac ní ọmọ kan. Ó rà á ni.

Ẹ má tíì bínú. Nígbà tí ara ṣì gbà á, Isaac kì í jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kó máa retí oníbàárà. Ó ní alùpùpù pupa kan, ó so àpótí irinṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, oṣooṣù ló sì ń gun òkè Kwahu lọ, láti Nkawkaw tó wà nísàlẹ̀ títí dé àwọn ìlú kéékèèké tó wà lẹ́yìn Abetifi, níbi tí ọ̀dà ti parí tí ilẹ̀ pupa ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn télọ̀ ibẹ̀ a máa retí rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń retí òjò. Ọ̀kan nínú wọn ni Bertha, ará Beposo. Ọmọ mẹ́ta ni Bertha ti bí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ti sin. Kò sí èyí tó pé oṣù mẹ́ta nínú wọn.

Ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, Isaac gúnlẹ̀ sí ilé wọn láti wá tún maṣíìnì ṣe. Kò mọ̀ pé Bertha ti bí ẹkẹrin, kò sì mọ̀ pé ọjọ́ náà ló pé ọjọ́ mẹ́jọ. Kó tó sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù, ìyá Bertha jáde wá láti ẹ̀yìnkùlé. Nana ni gbogbo ilé ń pe ìyá yìí. Ó gbé ọmọ jòjòló kan sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí etí ààtàn, ó wá pariwo:

"Ànàgó! A ní pàǹtí kan tí a fẹ́ tà. Ṣé o máa rà á?"

Ànàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá rò pé orí ìyá náà ti dàrú. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò ọ̀rọ̀ àbíkú. Ẹ̀gbọ́n bàbá Isaac gan-an ń jẹ́ Kòsọ́kọ́. Ojú ẹsẹ̀ ló yé e. Ohun tí àwọn Nana gbà ni pé bí àlejò bá ti ra irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ àlejò, ikú á rò pé ẹrú ẹlẹ́rú lásán ni, á sì bá tirẹ̀ lọ. Isaac ki ọwọ́ bọ àpótí, ó mú páálí abẹ́rẹ́ maṣíìnì kan jáde, ó fi lé Nana lọ́wọ́. Ó gbé ọmọ náà. Ó gbóná, ó sì fúyẹ́ bíi búrẹ́dì. Ó gbé e mọ́ àyà, ó jókòó sórí alùpùpù láìtan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í yí àgbàlá po, kí ikú lè rí i pé òun ti ń gbé ẹrù òun lọ. Lẹ́yìn náà ló dá ọmọ padà sọ́wọ́ Bertha pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀.

Ọmọ náà kò kú. Ànàgó ni wọ́n sọ ọ́, nígbà tó sì tó iléèwé lọ, wọ́n fi Anita kún un. Bàbá tó bí i ti bá ọ̀nà Accra lọ kò sì wẹ̀yìn wò, nítorí náà nígbà tí tíṣà béèrè orúkọ bàbá, Bertha ní kó kọ Ọlágúnjú. Irọ́ kọ́ lójú tirẹ̀. Bí Isaac bá sì ti dé, ọmọ náà á sáré jáde, á máa ké "Me wura! Me wura!" Olówó mi nìyẹn, ẹni tó ni mí. Isaac á dáhùn pé, "Ẹrú mi, ṣé o ti jẹun?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yìí bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè nírọ̀lẹ́, orin ló máa ń kọ títí dé Nkawkaw.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ dín kù. Maṣíìnì tó ń wọlé lóde òní kì í ṣe èyí tí èèyàn ń tún ṣe. Bó bá bàjẹ́, wọ́n á jù ú nù. Orúnkún Isaac náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó di ọdún mẹ́jọ tí kò ti gun òkè náà mọ́, orí fóònù nìkan ni òun àti Anita ti ń gbúròó ara wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, Nana fúnra rẹ̀ pè é. Anita fẹ́ lọ sílé ọkọ. Godfred ni ọkọ ń jẹ́, tíṣà ni ní Mpraeso, Sátidé sì ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ ìyàwó.

"A kò lè fà á fún wọn," ni Nana wí. "Ohun tí a ti tà kì í ṣe tiwa mọ́. Ìwọ lo ni ín. Wá dá a padà fún wa kí àwọn àna tó wọlé."

"Nana, bí n kò bá wá ńkọ́?"

"Á lọ sílé ọkọ bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹrú rẹ ni yóò máa jẹ́. Ọmọ tó bá sì bí, tìrẹ ni."

Nana rẹ́rìn-ín. Isaac náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá arúgbó náà rẹlẹ̀. "Ànàgó, jọ̀ọ́. N kò fẹ́ kó wọ ilé ọkọ bí ẹrú. Jẹ́ kó wọ ibẹ̀ bí ọmọ tó ní ilé."

Isaac ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá a sùn, tó sì bá a jí, kì í ṣe èyí tí Nana sọ gbẹ̀yìn. Ọmọ tó bá bí, tìrẹ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọn. Ọkùnrin tó ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò pè ní bàbá àgbà rí! Kò sì ní ṣe ju kó jókòó sílé lọ. Kò ní purọ́, kò ní jalè. Kó ṣáà jókòó.

Nígbà tí Ayọ̀kànmí fi máa ti ọjà Race Course dé lọ́sàn-án Jímọ̀, níbi tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì, ó bá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, alùpùpù ti di òkìtì irin lórí àpò sìmẹ́ńtì.

"Adẹn? Papa Masin, kí ló ṣe é?"

"Ó ń dún."

"Ọdún mọ́kànlá ló ti ń dún." Ayọ̀kànmí sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Kò sí ohun tó ń ṣe alùpùpù yìí. Ẹ̀yin ni nǹkan ń ṣe."

Isaac ń nu irin kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ká ní èmi ni mo bí Anita," ni Ayọ̀kànmí wí, "ṣé ẹ kò ní fà á fún ọkọ ni?"

"Bí o bá bí i, tí mo bá fà á fún ọkọ, ọmọ mi náà ni. Èyí, tí mo bá ti lè dá a padà, ó parí nìyẹn. Asa. N kò jẹ́ nǹkan kan sí i mọ́."

Ayọ̀kànmí mú síkírù kan nílẹ̀. Ó dun òun náà. Kò sí bí kò ṣe ní dùn ún.

"Èmi náà fẹ́ ọmọ ọmọ," ló wí níkẹyìn. "Mo fẹ́ ẹ paa. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ èyí tí a fi ìjókòó gbà. Ẹ tún alùpùpù yẹn tò." Ó sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà, ó ń na síkírù sí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi parí.

Bí àkùkọ ṣe kọ ní Sátidé, Isaac wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó fi kóòtù òjò lé e. Ayọ̀kànmí ní kó wọ tírótírò, ọkọ̀ akérò. Isaac ní láti Nkawkaw lọ sókè, ọjọ́ ọjà nìkan ni ọkọ̀ ń dé Beposo. Ó gba Amakom jáde, ó sì kọ orí sí ọ̀nà Ejisu.

Ọ̀nà kọ́kọ́ dára. Ejisu kọjá, Konongo kọjá, àwọn tó ń ta búrẹ́dì ń nà án sí i lẹ́bàá ọ̀nà. Lẹ́yìn Konongo ni òjò dé, kì í ṣe èyí tó ń ṣẹ́, èyí tó ń dà ni. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń lọ sí Accra ń fọ́n ẹrẹ̀ lù ú lójú. Ó rọra ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, orúnkún rẹ̀ ń ké, òun náà ń bá a wí. Nígbà tó dé Nkawkaw, òjò dá díẹ̀, ìkùukùu sì ká kúrò. Ó gbójú sókè. Òkè náà dúró gangan lẹ́yìn ìlú bí ògiri, igbó dúdú bò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, omi funfun ń já bọ́ lára àpáta. Ọdún mẹ́jọ! Ó ti gbàgbé bó ṣe ga tó.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Ọ̀nà náà ń yí, kọ́nà kan ń bí òmíràn, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Afẹ́fẹ́ ń tutù sí i. Ní kọ́nà kẹrin tàbí karùn-ún, alùpùpù húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú.

Isaac fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò dáhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó fà á sẹ́bàá àpáta, ó jókòó sórí òkúta, ó ń wo páànù ilé Nkawkaw tó kéré jọjọ nísàlẹ̀. Inú rẹ̀ sì dùn. N kò ní fi bò: inú ọkùnrin náà dùn. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ó ti jáde nílé, ó ti dé ìdajì òkè, irin ló kọ̀. Yóò pe Nana, yóò ní, ẹ wò ó, mo gbìyànjú. Ọmọbìnrin náà á lọ sílé ọkọ, á bímọ, ọmọ náà á jẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ọwọ́ òun níbẹ̀.

Ó ti mú fóònù jáde kí ojú tó tì í. Ọ̀ràn náà ni pé ó mọ ohun tó ṣe alùpùpù. Omi ti kó sí púlọ́ọ̀gì ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún gbọ́ ohùn irin kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ó rántí ohùn Nana, bí ẹ̀rín ṣe kúrò níbẹ̀ lójijì. Bí ẹrú. Ìyẹn ni ohun tí òun ń jókòó dè lórí òkúta yìí, kí ọmọ tí òun gbé mọ́ àyà wọ ilé ọkọ bí ẹrú? Ó dìde, ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fi etí bùbá rẹ̀ nù ún, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó dá a padà. Bó ṣe fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn.

Ó la Mpraeso já, ó la Abetifi já láìdúró. Ọ̀dà parí. Ilẹ̀ pupa tí òjò ti pò bí iyán gba táyà mú, ó fà á lọ, ó fà á bọ̀, nígbà tó sì dé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó gbé òun àti alùpùpù ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ṣèṣe. Ṣùgbọ́n kóòtù òjò ya, aṣọ funfun sì di aṣọ pupa. Ó gbé alùpùpù dìde, ó jókòó, ó tún ń lọ. Kò kọrin lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó dé Beposo, oòrùn ti yọ. Wọ́n ti ta tapólì, wọ́n ti to àga. Àwọn ará ilé Godfred ti kún ẹnu ọ̀nà àgbàlá pẹ̀lú ẹrù ìyàwó lórí, aṣọ wọn ń tàn yanran, ara wọn ń gbóná, Nana sì fi ọ̀pá dábùú ẹnu ọ̀nà pé kò sẹ́ni tó ń wọlé. Isaac gun alùpùpù kọjá láàárín wọn. Bí ẹ bá rí i lọ́jọ́ náà, ẹ kò ní béèrè ẹni tó jẹ́ ẹrú nínú òun àti ọmọ tó rà.

"Ànàgó ti dé!" Bertha sáré wá, ó dì mọ́ ọn, kò ka ẹrẹ̀ sí. Wọ́n fún un lómi mu. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó. Àwọn àgbà ilé dúró yí i ká, Nana sì dúró níwájú rẹ̀.

"Olówó ẹrú," ni Nana wí ní ohùn tí gbogbo àgbàlá gbọ́, "a wá bẹ̀ ọ́. Kí lo máa gbà, kí o dá ọmọ wa padà fún wa?"

Isaac ti to èsì rẹ̀ láti Ejisu. Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó mi orí pé kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀.

"Ó kọ̀!" ni Nana wí. "Ó dáa, a fún ọ ní àkùkọ kan."

Isaac tún mi orí.

"Àkùkọ méjì."

Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró. Ẹ̀rín sọ. "Ẹ wò ó, Ànàgó ń nájà! Ó ń nawọ́ pé kò tíì tó!" Kò sí ìlú kan ní Ghana tí wọn kò mọ Yorùbá sí anájà, wọ́n ní bí Ànàgó bá ń ná ata, ata á gbẹ lórí àtẹ. Inú wọn dùn, wọ́n gbà pé ó ń fi ayẹyẹ náà dárà ni. Wọ́n fi ìdì iṣu kan kún un. Wọ́n fi odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kún un. Wọ́n fa ewúrẹ́ jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Láti ẹnu ọ̀nà, àbúrò bàbá Godfred ké pé òun fi àpò ìrẹsì kan kún un, kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn wọlé, oòrùn ń pa àwọn! Gbogbo àgbàlá ń pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni Isaac ń mi orí, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, wọ́n sì rò pé òógùn ni.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Anita jáde pẹ̀lú kẹ́ńtè ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tíì rí i. Ó rìn wá síwájú Isaac, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó gbójú sókè wò ó.

"Ẹ dákẹ́," ló wí fún gbogbo ilé. "Kò nájà. Ẹkún ló ń sun."

Ojú ti Nana, ó sọ ọ̀pá kalẹ̀. Isaac fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ẹrẹ̀ kún un. Ó wo orí ọmọbìnrin náà, wúrà tí wọ́n tò sí irun rẹ̀, ó sì rí i pé òun fẹ́ràn rẹ̀ ju ohun tí òun ń bẹ̀rù láti pàdánù lọ.

"Àkùkọ kan ti tó," ló wí. "Mo gbà á. Mo ti dá a padà. Ọmọ yín nìyí, kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni."

Ariwo sọ. Bertha bú sẹ́kún. Wọ́n gbé àkùkọ lé Isaac lọ́wọ́, ó ń jà pìtìpìtì, kò mọ bí yóò ṣe dì í mú. Ó yíjú, ó ń wá ibi tí alùpùpù rẹ̀ wà.

Anita kò dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"To so," ló wí.

Ohun tí gbogbo ẹni tó ń rajà ní Kumasi máa ń sọ fún ọlọ́jà nìyẹn: fi ènì sí i. Isaac kò lóye.

"Àwọn èèyàn mi rà mí padà lọ́wọ́ yín," ni Anita wí. "Ta ní ń rajà tí kì í gba ènì?"

Isaac fọwọ́ tú àpò bùbá rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ alùpùpù ló wà níbẹ̀, àti fóònù tí omi ti wọ̀. "Ọmọ mi, n kò mú nǹkan kan wá. Kò sí ohun tó kù lọ́wọ́ mi. Èmi nìkan ni."

"Ohun tí mo ń béèrè náà nìyẹn."

Nana ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé. Ó fa àga àgbà ilé kan, ó gbé e síwájú, ó sì fọwọ́ ti Isaac jókòó lé e, tòun ti ẹrẹ̀, tòun ti àkùkọ. Ó wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ké sí àwọn àna.

"Ẹ máa wọlé o! Bàbá ìyàwó ti jókòó!"